Aláró Inú Ọpọlọ

Aago méje àárọ̀, mo ti ṣílẹ̀kùn yàrá eku ní Òkè-Baálẹ̀.
Òórùn ìtọ̀ ló kọ́kọ́ kí mi.
Iṣẹ́ mi ni kí n fún wọn lóúnjẹ, kí n pààrọ̀ omi wọn,
kí n má sì sọ wọ́n lórúkọ.
Dókítà Ọ̀ṣúndìran ló ṣòfin yẹn. Òfin dára.
Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú àgò kẹtàdínlógún,
Látúndé ni mò ń pè é nínú ọkàn mi.

Akọ ni Látúndé, ẹ wo ẹpọ̀n rẹ̀ bó ti ń wọ́ nílẹ̀.
Họ́mónù akọ kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bámúbámú.
A gbé abo tó ti gbóná síwájú rẹ̀;
ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan,
ó yíjú, ó lọ ń rún oúnjẹ.

Mo ní, "Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?"
Dókítà ní ara rẹ̀ yá. Òògùn táwọn fún un
ló di òṣìṣẹ́ kékeré kan lọ́wọ́ nínú ọpọlọ,
òun ló ń sọ họ́mónù akọ di ti abo.
"Ti abo kẹ̀?"
"Ti abo. Ibẹ̀ ni akọ ti ń jí."

Mo jókòó sórí garawa.
Mo rántí Ìyá Àgbà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
tí ìka rẹ̀ dúdú títí wọ ibojì.
Ewé èlú tútù, bó o fi pa aṣọ dalẹ́, kò ní di aró.
Àfi kí o gún un, kí o sá a, kí o rẹ ẹ́ sómi eérú,
kó rà, kó rùn, kó gbàgbé pé òun jẹ́ ewé.
Aṣọ á tinú ìkòkò jáde ní àwọ̀ koríko,
atẹ́gùn á kàn án,
á dúdú lójú ẹ báyìí.

Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n kán ti abo yẹn sí Látúndé lára.
Òògùn ìjọ́sí ṣì wà níbẹ̀ o.
Nírọ̀lẹ́, mo yọjú:
ó ń lé abo kiri àgò, kò ráyè oúnjẹ,
ó gùn ún, ó sọ̀, ó tún gùn ún.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ajá wa kú.
Bàbá mi fi bẹ́líìtì nà mí torí pé mo sunkún.
"Ṣé obìnrin ni ọ́ ni?"
Ó ti darúgbó báyìí, iwájú ilé ló ń jókòó sí.
Mo kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.
Ó ní kí ni mo tilẹ̀ ń fi àwọn eku yẹn ṣe gan-an.
Mo ní, mò ń pààrọ̀ omi wọn.