Owó Ìjáde

Fóònù Ṣówándé, tí mo ṣì ń fi iná sí,
dún ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n:
ilé eré ìdárayá Màkún ti yọ ẹgbẹ̀rún méjìlá.
Oṣù kẹta rèé tí a sin ín sí Ìpẹru.

Mo gun àtẹ̀gùn. Ọmọkùnrin ìdí tábìlì ní, "Màmá,
ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wá fọwọ́ sí i,
kó sọ fún wa ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú,
kó sì san owó ìjáde."
Ìjáde wo?
Pákó, sìmẹ́ńtì, àwọn tó gbẹ́lẹ̀, mo ti san án tán.
Ó ní òfin ni. Ó tọ́ka sí ojú ewé kẹrin,
lẹ́tà wínníwínní bí ẹyin eèrà.

Ọmọ Rẹ́mọ ni mí, n kì í san gbèsè tí n kò mọ̀dí.
Mo ní kó ṣí ìwé, kó ka iye ìgbà tí ọkọ mi wá.
Ó kà á. Ó tún un kà.
"Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, Màmá. Láti ọdún tó kọjá."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin.
Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń gbé báàgì jáde,
tó ń padà dé pẹ̀lú òógùn lọ́rùn,
tí mò ń fọ tówẹ̀lì, tí mò ń sá a.

Àwọn ọ̀dọ́ ń gbé irin, wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀; ilẹ̀ ń mì.
Ọmọ náà rẹ ohùn sílẹ̀:
òun á bá ọ̀gá sọ ọ́, bóyá wọ́n á fi owó náà jì mí.
Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀ ná.
Ìgbà kẹrin yẹn, ọjọ́ wo ni?