Ẹ Kú Ìrìn

Ní Pópó-Ọba, nílé wa àtijọ́ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́,
ogójì ìṣísẹ̀ ni mo kà dé ṣọ́ọ̀bù Múnírù aránṣọ,
àádọ́rin dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta kẹrosíìnì.
Bí màámi bá gbé epo kaná,
mo ti lè ra ẹja dé létí ọ̀sà
kí alùbọ́sà tó pọ́n.

Àmọ́ ìrìn náà kì í yá o.
Ìyá Sílífá á ní, "Ẹ kú ìrìn."
Bàbá tó ń tún àwọ̀n ṣe á béèrè ẹ̀fọ́rí àná.
Ká tó ra iyọ̀ náírà mẹ́wàá,
a ti gbọ́ ẹni tó bímọ,
a ti gbọ́ ẹni tí onílé lé jáde.
Mi ò ní parọ́, ó máa ń sú mi.
Gọ́tà ń rùn. Kò sí àṣírí lójúlé kankan.
Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́lé sọ́nà Ìtọ́ìkín,
ilé oní-géètì,
níbi tí ẹnikẹ́ni kì í yọjú wo ọbẹ̀ ẹni.

Mo kó màámi wá síbẹ̀. Oṣù mẹ́jọ.
Búrẹ́dì, ẹ tan mọ́tò.
Ìrun Jímọ̀, ẹ tan mọ́tò.
Bí mo bá ti lọ síṣẹ́, wọn a jókòó sí fàráǹdà,
wọn a máa wo títì tó gbòòrò, tó ń dán,
tí kò ṣẹ́ àyè kékeré kù fún ẹsẹ̀.
Wọ́n ní, "À ń kí ẹni tó ń rìn,
à ń kí ẹni tó jókòó, à ń kí ẹni tó ń gbálẹ̀.
Kí là ń kí ẹni tó yí gíláàsì mọ́tò sókè?"
Mo ní ooru ń mú, ẹ jẹ́ ká wọlé.

Lọ́jọ́ tí bátìrì kú, tí iyọ̀ sì tán,
mo dé nírọ̀lẹ́, mi ò bá wọn.
Ọlọ́dẹ géètì ní, "Mo bi wọ́n pé mọ́tò wọn dà.
Wọ́n ní àwọn wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀."
Mo sáré.
Mo rí wọn nínú koríko ẹ̀bá títì,
tírélà ń fẹ́ gèlè wọn kúrò lórí,
bàtà kan lọ́wọ́ ọ̀tún, iyọ̀ inú ọ̀rá lọ́wọ́ òsì.
Wọ́n ní ẹni tó ta iyọ̀ ń jẹ́ Múìbátù, ará Ẹ̀jìrín,
ọmọ rẹ̀ ń hu eyín.
Wọ́n ní ọlọ́dẹ wa ń jẹ́ Àgọ̀sù,
èyí tí mo ti ń fun fèrè mọ́tò sí látọjọ́ yìí.

Mo gba iyọ̀. A ń bọ̀, díẹ̀díẹ̀.
Nígbà tí a dé géètì, Àgọ̀sù ní, "Ẹ kú ìrìn."
Màámi dáhùn.
Èmi ṣì ń wá ohun tí wọ́n ń sọ.