Ki Ìyá Rẹ

Ọ̀gá mi Mufútáù kò fi ìwọ̀n kọ́ mi ní alùpùpù.
Kò sọ pé mítà mélòó, kò sọ pé ẹsẹ̀ bàtà mélòó.
Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gba Tákìé jáde kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́,
tí a kọjú sí Odò Ọbà,
tírélà kan ń rápálá níwájú wa, tòmátì ló kó,
ó ń tú èéfín sí wa lójú.
Ọ̀gá jókòó sẹ́yìn mi, ó na ọwọ́:
"Wo òpó iná yẹn.
Bí ìdí tírélà bá ti kọjá a rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìyá rẹ.
Bí o bá dé ìdí òpó kí o tó ki í tán,
o ti sún mọ́ ọn jù. Dẹwọ́."

Mo ki ìyá mi.
Àwẹ̀ró, ọmọ oníkajú ẹ̀bá ọ̀nà,
ọmọ a-ròde-má-gbàgbé-ilé,
Àwẹ̀ró, ẹ̀rín rẹ ni mo fi ń ríran lóru.
Orí "má-gbàgbé" ni mo wà tí òpó fi kọjá fìrì.
Ọ̀gá fi ìka lu akoto orí mi, kó, kó, kó.
Mo dẹwọ́. Mo tún un kì.
Mo ki í tán, òpó ṣì ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

"Bí òjò bá ń rọ̀ ńkọ́?"
"Ki bàbá rẹ mọ́ ọn."
"Bí mo bá gbé èrò méjì?"
"Ki ìyá tiwọn náà. Àwọn náà ní ìyá."

Àkàngbé ní tirẹ̀, tí a jọ ṣe fírídọ̀ọ̀mù lọ́jọ́ kan náà,
ìdí tírélà nilé e rẹ̀.
Ó ní atẹ́gùn kì í rí ẹni tó bá sá sẹ́yìn erin,
ó ní epo kì í tètè tán níbẹ̀.
A máa bojú wẹ̀yìn, a máa fi mí rẹ́rìn-ín:
"Ṣé òkú lò ń sin ni?"
Àlàfo tí mo bá sì fi sílẹ̀,
Maíkírà kan á já wọ inú u rẹ̀.
Ma tún dẹwọ́, ma tún bẹ̀rẹ̀ láti orí Àwẹ̀ró.
Ìgbà mìíràn wà tí inú máa ń bí mi sí ìyá mi, mi ò ní purọ́.

Oṣù Ọ̀wàrà. Òjò wínníwínní.
Iná ẹ̀yìn tírélà ti kú tipẹ́,
ewúrẹ́ kan ló ní òun fẹ́ sọdá.
Orí "oníkajú" ni mo wà nígbà tí bíréèkì ké.
Orí "má-gbàgbé" ni mo wà nígbà tí táyà mi ń yọ̀ lórí omi.
Mo dé "ẹ̀rín rẹ", alùpùpù mi dúró.
Gbogbo oríkì bàbá mi ló ṣẹ́kù láàárín èmi àti irin.
Agbọ̀n kan yí gbirigbiri wá,
ó fara kan táyà mi wẹ́rẹ́, bí ẹni tó wá kí ni.
Ewúrẹ́ ti kọjá.
Títì pupa látòkè délẹ̀.
Mi ò mọ èyí tó jẹ́ tòmátì.

Àkàngbé kò kú. Ẹsẹ̀ òsì ló fi sanwó.
Ó ń ta bẹntiróòlù inú ìgò báyìí
lábẹ́ màngòrò kan níbi tí ìlú parí sí.
Bí àwọn ọmọdé bá ti lẹ̀ mọ́ ìdí tírélà bí eégbọn,
á fi ọ̀pá gbéra ńlẹ̀, á figbe ta:
"Ki ìyá ẹ! Ki ìyá ẹ!"
Atẹ́gùn á gbé "ki" lọ.
"Ìyá ẹ" nìkan ló máa ń dé etí wọn.
Inú á bí wọn,
wọ́n á dẹwọ́ kí wọ́n lè rí i bú dáadáa,
tírélà á sì jìnnà sí wọn díẹ̀.
Àkàngbé á wá jókòó.