Ẹ̀yìn Ilé-Ìṣọ́

Nígbà tí Bàbá àti Ivlite àbúrò rẹ̀ pín pápá koríko,
wọn kò fi nǹkan kan wọ̀n ọ́n.
Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìṣọ́ olókùúta
tí àwọn baba ńlá wa kọ́ sí Svaneti,
ó na apá méjèèjì bí ẹni fẹ́ gbá òkè mọ́ra,
ó ní: "Gbogbo ohun tó wà níwájú mi, tèmi ni.
Gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn mi, tìrẹ ni. Ọgbọọgba."
Wọ́n mu ọtí lé e.
Ọdún mọ́kàndínlógún rèé.

Èmi Mzekala, tí wọ́n rán lọ kọ́ ìṣirò ní Kutaisi,
mo wálé nígbà ìgé koríko
tèmi ti okùn ọgọ́rùn-ún mítà,
kọ́ńpáàsì kan, àti ìwé àjákọ tí òjò ti pa.
Mo kàn fẹ́ dán ọwọ́ wò ni.

Mo so orí okùn mọ́ òpó ilẹ̀kùn.
Mo fà á tààrà sí ìlà-oòrùn:
ọgọ́rin mítà kí n tó débi odò.
Mo yí díẹ̀, mo tún fà á. Mo yí díẹ̀ sí i.
Níbi tí mo ti kọjú sí àríwá, ogójì péré.
Bí mo ṣe ń yí lọ sẹ́yìn ni okùn ń kúrú,
bí ohùn ẹni tí ìtìjú mú,
títí ó fi di òdo lẹ́yìn ògiri,
níbi tí àpáta ti wá fara ti ilé.
Apá gúúsù náà, bákan náà.
Mo yà á sínú ìwé: ó rí bí ọkàn tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀,
gbogbo ọ̀rá rẹ̀ wà lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ.

Olùkọ́ wa, Tsiala, kì í jẹ́ ká há nǹkan sórí.
Búrẹ́dì oníwàràkàṣì ló máa ń gbé wá sí kíláàsì,
á gé e láti àárín dé etí.
"Ẹ wo èkìrí yìí. Bó bá ti tín-ín-rín tó, onígun mẹ́ta ni.
Ẹ fi okùn lọ́po ara rẹ̀, ẹ mú ìdajì,
ẹ fi igun bíńtín tí ẹ yí lọ́po ìyẹn,
kí S ọlọ́rùn gígùn wá kó gbogbo èkìrí jọ
láìjẹ́ kí èérún kan bọ́ sílẹ̀."
Lẹ́yìn náà la ó jẹ ẹ́.

Ogójì, lọ́nà ọ̀kan-pẹ̀lú-kọ́sáìnì-tẹ́tà: okùn mi nìyẹn.
Láti gúúsù, gba iwájú ilẹ̀kùn, dé àríwá,
mo rí ẹgbẹ̀rún méje ó dín ọgbọ̀n.
Láti àríwá, gba ẹ̀yìn ògiri, padà sí gúúsù,
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé àádọ́rin.
Mo pa á rẹ́. Mo tún un ṣe.
Òǹkà náà kò mira.

Bàbá kò parọ́. Ìdajì yípo fún un, ìdajì yípo fún Ivlite.
Ṣùgbọ́n igun kì í ṣe ilẹ̀:
bí okùn bá dín sí ìdajì,
ilẹ̀ á dín sí ìdámẹ́rin.

Ivlite, tó ń wá tọrọ koríko ní gbogbo oṣù Kejì.
Ivlite, tó ta màlúù kan, tó tún ta èkejì.
Ọ̀lẹ la máa ń pè é nídìí oúnjẹ.
Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀.

Ní òwúrọ̀ mo fi ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì Bàbá.
Ó wò ó pẹ́. Ó fi èékánná tẹ S ọlọ́rùn gígùn.
"Kí lèyí ń ṣe?"
"Òun ló kó o jọ."
Kò bá mi jiyàn. Ó jáde lọ sẹ́nu ọ̀nà,
ó na apá méjèèjì bíi tọjọ́ náà lọ́hùn-ún,
ó wo iwájú, odò, koríko tó ga dé ìbàdí.
Lẹ́yìn náà ó yí padà, apá ṣì nà síbẹ̀,
ògiri sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan án nímú.

Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí tíì fi tutù.
"Mzekala," ó ní, "okùn yẹn dà?"