Ohun Tí A Kò Mọ Orúkọ Rẹ̀

Kọ̀mpútà ọ́fíìsì wa dàgbà ju ọmọ kíláàsì kẹsàn-án lọ.
Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, á kọ́kọ́ húkọ́,
á mí kanlẹ̀ bí ẹṣin tó ru ọ̀dùnkún gun òkè Naryn.
Màá gbé omi tíì kaná,
màá mu ife kan, màá mu ìkejì,
kí ojú rẹ̀ tó là.

Ní oṣù Kejì, yìnyín ga dé fèrèsé,
wọ́n ní ká fi èsì ìdánwò ránṣẹ́ sí Bishkek kí ọ̀sẹ̀ tó parí.
Ẹ̀rọ kọ̀. Ó ní inú òun ti kún.

Mo ránṣẹ́ pe Toktosun, ọmọ Burulcha tó ń se oúnjẹ ilé-ìwé,
ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀.
Ó gbé fláàṣì pupa kan kọ́ ọrùn wá,
yìnyín ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù.
"Màmá Gulsunai, ẹ jókòó. Ẹ máa dárúkọ, kí n máa kó o."

Ètò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti kú láti ọdún méje: kó o.
Orí rẹ̀ la ti tẹ ìwé ìsinmi Ọ̀gbẹ́ni Sagynbek, olùkọ́ físíìsì,
tó ní oṣù mẹ́ta péré lòun máa lò ní Rọ́ṣíà.
Atúmọ̀ èdè, apá kìíní; apá kejì kò dé rí: kó o.
Eré ìkọ́ni-ní-títẹ̀wé, tí ológbò kan
ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí kò bá ṣìṣe:
mo ní kó dúró ná. Mo ta á lẹ́ẹ̀kan sí i.
Ológbò pàtẹ́wọ́.
Kó o.

Ó ku ọ̀kan. Lẹ́tà mẹ́ta àti nọ́ńbà kan, kò ní àwòrán,
kò ní orúkọ tí ọmọ ènìyàn lè pè.
"Kí lèyí ń ṣe?"
Èmi kò mọ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé kò mọ̀.
Toktosun ní ohun tí kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò níṣẹ́ nìyẹn.
A kó òun náà.

Gíìgì mọ́kànlá!
Ikọ́ dá. Èsì ṣàn lọ sí Bishkek bí omi.
Mo sùn lálẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni tó san gbèsè.

Ilẹ̀ mọ́. Ọwọ́ aago mi kan mẹ́jọ, ògiri ò fọhùn.
Àwọn ọmọ ń ju yìnyín lura wọn ní pápá,
mẹ́jọ ààbọ̀ kọjá, ẹ̀rín wọn ń gòkè bí èéfín.
Nígbà tí a fi ariwo kó wọn wọlé,
Aichurok kọ́ wọn ní ìdá mẹ́ta, ìdá mẹ́rin, ìdá mẹ́jọ,
títí ẹfun fi tán lọ́wọ́ rẹ̀,
nítorí kò sóhun tó ní kó dúró.
Burulcha yọjú láti ilé ìdáná, ìgbakọ̀ lọ́wọ́.

Ìgbà yẹn ni ara mi tutù.
Agogo!
Agogo tí a rò pé inú ògiri ló ń gbé,
inú ohun tí kò lórúkọ yẹn ló ń gbé.
Sagynbek ló kọ ọ́ kó tó lọ. Kò sọ fún wa.
Ó ń ka ìṣẹ́jú fún wa láti ọjọ́ yìí wá, láìgbowó oṣù.

Toktosun sáré dé, ó ki fláàṣì bọ̀ ọ́.
Ẹ̀rọ wò ó bí arúgbó tí wọ́n ń fi ọmọ rẹ̀ hàn án:
kò mọ̀ ọ́n mọ́.
A pe Rọ́ṣíà. Ó dún, ó dún, kò sẹ́ni tó gbé e.

Ní báyìí, irin ẹsẹ̀ katakata kan rọ̀ sórí igi ápù,
Burulcha ń fi òòlù lù ú nígbà tí bùrẹ́dì bá jinná,
kì í ṣe nígbà tí aago bá pé.
Lọ́jọ́ mìíràn a tètè jáde; lọ́jọ́ mìíràn, ilẹ̀ á ti ṣú.
Nínú kọ̀mpútà, àyè funfun gbalasa,
gíìgì mọ́kànlá, kò sí ipa ẹsẹ̀ kan nínú rẹ̀.
Mo ń wá ohun tí màá fi sí i.