Òjìji Aago Méjì

Níhìn-ín ní Friesland, ilẹ̀ tẹ́ bí ẹní tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́,
kò sí òkè kankan tó lè gba ojú sánmà lọ́wọ́ ẹni,
síbẹ̀ Jeltsje kì í wòkè kó tó mọ bí ọjọ́ ṣe ń lọ.
Kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ń ṣí,
níbi tí kọ̀ǹpútà kékeré kan jókòó sí
láàrin bàtà òjò àti ìgbálẹ̀,
kò ju páálí ìṣáná méjì lọ,
iná ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú,
ó ń ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú,
bí ọlọ́dẹ tó ń bá oorun jà.

Hylke ọkọ rẹ̀ ló gbé e síbẹ̀ kó tó kú.
Òun ló kọ ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀:
ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá, bi ìnfátà léèrè,
"Mélòó lo gbà lọ́wọ́ oòrùn?"
Bó bá ti fèsì, kọ ọ́ sílẹ̀.
Má jẹ́ kí ó gba ẹnu ọ̀nà jáde.
Ó máa ń sọ pé, "Ọ̀rọ̀ tí òrùlé mi fẹ́ bá mi sọ,
kí ló ń wá dé ìlú tí n ò dé rí
kó tó padà wá bá mi nídìí tábìlì?"

Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́.
Èmi Wobbe, tó ń gbé ọ̀ọ́kán rẹ̀,
áàpù wà lórí fóònù tèmi, aláwọ̀ mèremère,
ewé wẹẹrẹ á máa jábọ́ nínú rẹ̀ láti yìn mí
bí iná tí mo rí lójúmọ́ bá pọ̀.
Ilé-iṣẹ́ tó ni ín kógbá sílé lóṣù kẹta.
Wọn ò dágbére.
Pátákó méjìlá ń mu oòrùn lórí ilé mi
bí màlúù ṣe ń jẹko,
èmi olówó wọn ò sì mọ iye wàrà.

Ni mo bá lọ kan ilẹ̀kùn Jeltsje.

Ó fi ọjọ́ àná hàn mí: ìlà kan
tó gun òkè láti àárọ̀, tó sọ̀ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́,
òkè kan ṣoṣo tí a ní ní gbogbo àdúgbò yìí.
Ṣùgbọ́n ní aago méjì, ẹnìkan ti bu òkè náà jẹ.
Àmì eyín wà níbẹ̀.
Ìjẹta náà bẹ́ẹ̀.
Igba wáàtì: ó lọ, ó tún padà.

Mo ní wáyà ni. Mo tú u, mo tún un dè.
Mo ní ìgbẹ́ ẹyẹ ni. Mo gun àkàbà, mo fọ pátákó,
ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, n kì í ṣe ọmọdé mọ́.
Lọ́jọ́ kẹta, mo dúró nínú ọgbà, mo kówọ́ sẹ́yìn,
agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù lẹ́ẹ̀mejì,
òjìji sì gorí òrùlé, kì í ṣe lójijì,
jẹ́jẹ́, bí ológbò tó mọlé.

Igi ápù Hylke.
Áàpù tèmi kú, ápù tirẹ̀ ń so.

Mo lọ mú ayùn. Nígbà tí mo fi máa dé,
Jeltsje ti ṣí ìwé ọdún mẹ́rin sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà.
"Wò ó," ó ní. Lọ́dún kìíní, òkè pé.
Lọ́dún kejì, bí ibi tí èékánná kàn.
Bí ewé bá wọ́ dànù, àmì náà a lọ,
bí òdòdó bá yọ, a tún dé, a fẹ̀ sí i.
Ẹ̀rọ tí a fi ń ka oòrùn
ti ń fi gbogbo ọdún wọ̀nyí wọn igi.

Ó fa ojú-ìwé ètò náà dé ìsàlẹ̀ pátápátá.
Níbẹ̀, lẹ́yìn àmì tí kọ̀ǹpútà kì í kà kọjá,
Hylke kọ ọ́ fún ẹni tó bá débẹ̀:
Aago méjì, igi ni. Kì í ṣe wáyà. Ẹ fi sílẹ̀.

A ò sọ̀rọ̀ púpọ̀.
Ó kó ápù mẹ́fà sí mi lápò, méjì ní kòkòrò.
Ó ṣe àdàkọ ètò náà fún mi sínú káàdì kékeré.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń wo ìlà tèmi:
ó gùn, ó sọ̀, ó dán láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.
Ní aago méjì, mo máa ń lọ wò ó.
Kò sí eyín kankan níbẹ̀.