Òwìwí Erékùṣù

Níbí, okun la fi ń kí ara wa.
Ẹni tó ń bọ̀ látoko, okun.
Ẹni tọ́mọ rẹ̀ kú, okun.
Fi àmì dò lé e lórí, ó di òkun,
omi tí ẹnikẹ́ni ní Ògìdì kò tíì fojú rí
àfi Méjàbí, tó wọkọ̀ ojú omi nígbà tó ń ṣe sójà,
tó sì bì títí dé èbúté.

Síbẹ̀, a ní erékùṣù.
Igbó kan ni, lẹ́yìn oko kọfí bàbá mi,
kò fẹ̀ ju ibi tọ́mọdé lè sọ òkò kọjá.
Koríko ló yí i ká, koríko títí dé ẹsẹ̀ àpáta.
Bí ọyẹ́ bá ti gbó, iná ọdẹ á dé bí ìgbì,
á lá etí igbó náà, á padà.

Ibẹ̀ ló ń gbé.
Kò ga ju ìgò ẹ̀pà lọ.
Bó bá dijú, o ò rí i mọ́, èèpo igi lo rí,
etí méjì ṣánṣán, bí ẹni tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀.
Lálẹ́ á ní kúú,
á dákẹ́ bí ẹni tó ń ka owó,
á tún un sọ.

Ìyá Ṣọlápé ní ó ń pe ẹnìkan ni.
Ó da iyọ̀ síná.
Bàbá mi ní, “Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù.
Ó ti ń pè mí láti ogún ọdún, mi ò tíì dáhùn.”

Lọ́dún tí iná kò padà,
a gbóòórùn kọfí tó ń jóná títí ilẹ̀ fi mọ́.
Ó wà lórí páànù ilé ìdáná, eérú bò ó,
ìyẹ́ apá kan ti ká kò.
Àwọn ọmọ ti fa rọ́bà.
Ìyá Ṣọlápé jáde tòun tiyọ̀.
Ó wò ó. Ó pẹ́.
Ọwọ́ rẹ̀ tú, iyọ̀ dà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.
“Okun o,” ló ní,
bí a ti ń kí ẹni tílé rẹ̀ jó.

Kí páànù tó gbóná, ó ti lọ.

Bàbá mi ṣì ń jókòó síta lálẹ́,
ó ní atẹ́gùn lòun ń gbà.
Lánàá, ó rò pé mo ti sùn.
Mo gbọ́ ọ tó ní kúú,
tó dákẹ́ bí ẹni tó ń ka owó,
tó tún un sọ.